Ọ̀já Tí Mo Dì Mọ́ Ọkọ Mi Ní Ìbàdí

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mi sí di òní. Ẹ bá mi yìn ín. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè dúró pẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ ọmọ mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kó sì kà á fún yín. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi Faransé tún un ṣe. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́.

Ẹ̀rí yìí ti pẹ́ lọ́rùn mi. Láti ayé Sànkárà ni, nígbà tó ń ṣe olórí ilẹ̀ yìí. Bàbá Dèbórà, ọkọ mi, tí wọ́n jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn, ni kò jẹ́ kí n jẹ́ ẹ. Wọ́n ní ìtìjú ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wí pé, "Ìyá Dèbó, lọ jẹ́ ẹ. Àwọn tí ì bá fi mí rẹ́rìn-ín ti kú tán."

Ẹ̀yin ọmọdé lè má mọ̀ pé gọ́ọ̀fù ni Bàbá fi tọ́ àwọn ọmọ wa. Pápá kan wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá búrò, ilé iṣẹ́ ìjọba, ti ń fi ọ̀pá irin gbá bọ́ọ̀lù kékeré funfun. Kò sí koríko tútù níbẹ̀. Yanrìn ni wọ́n ń pò mọ́ ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú, wọ́n á tẹ́ ẹ yí ihò ká, kí bọ́ọ̀lù lè yí lórí rẹ̀. Yanrìn yẹn ni Bàbá kọ́kọ́ ń tẹ́ nígbà tí wọ́n ti Ṣábẹ̀, ìlú wa nílé, dé ibí. Wọ́n fojú kọ́ eré náà títí àwọn fúnra wọn fi di olùkọ́. Ẹ ò bá rí wọn nígbà náà. Wọ́n á yí gbogbo ara sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn, wọ́n á tún yí padà, bọ́ọ̀lù á fò kọjá igi òrí kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìjọba Sànkárà dé, iṣẹ́ ìlú pọ̀. Gbogbo ènìyàn ń lọ gbé irin rélùwéè. Àwọn ará àdúgbò wa, Zangouettin, náà lọ, Bàbá sì bá wọn lọ. Bàbá padà dé, wọ́n jẹun, wọ́n sùn, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Ọjọ́ tí ìjọba pàṣẹ pé kí ọkọ lọ sọ́jà, kí obìnrin sinmi, ni àṣírí tú. Mo fún wọn ní apẹ̀rẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ìyàwó tuntun. Nígbà tí wọ́n dé, tòmátì àti ẹja gbígbẹ ni mo rí.

Mo ní, "Bàbá Dèbórà, iṣu ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ó wà nílẹ̀."

"Ilẹ̀ ibo?"

"Ilẹ̀ ọjà. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú un."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé irin rélùwéè ti ba ìbàdí ọkọ mi jẹ́.

Ní pápá, nǹkan ti dàrú fún wọn. Bí wọ́n bá ti fì ọ̀pá sẹ́yìn, ìrora á gún wọn, wọ́n á yára sọ ọ́ kalẹ̀ kí ara tó yí dé ibi tó yẹ. Apá nìkan ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ara ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù á ya wọ igbó. Ìgbà náà ni ọ̀gá tuntun dé sí pápá, Kámárádì Ísúfù, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ ìjọba nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó síngbọnlẹ̀. Ó ní gọ́ọ̀fù kì í ṣe ti ọlọ́lá mọ́, pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ṣe sípọ́ọ̀, eré ìdárayá tí ìjọba pàṣẹ, kí àwọn kan wá kọ́ ọ. Inú wa dùn. Àfi bó ṣe kọjú sí Bàbá, tó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí pè wọ́n: "Nàgó, ẹni tó máa kọ́ ará ìlú, kí ìlú kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wàá gbá mẹ́ta níwájú wa. Bí wọ́n bá wọ igbó, padà sídìí yanrìn rẹ." Ẹni tí kò lè mú iṣu nílẹ̀, yanrìn wo ló máa tẹ́? Iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Mo mú ọ̀já tí mo fi pọn gbogbo ọmọ mi. Ní àràárọ̀, mo máa ń fi òróró àdúrà pa ìbàdí wọn, mo á wá dì í mọ́ wọn lábẹ́ ẹ̀wù. Mo máa ń fẹsẹ̀ ti ògiri kí n tó fà á. Wọ́n á ní, "Ìyá Dèbó, èémí mi ńkọ́?" Mo á ní, "Olúwa ni èémí yín." Ìrora náà dín kù lóòótọ́, wọ́n lè gun mòbílẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò jáde kúrò nínú igbó. Bó ṣe ń burú sí i ni mo ń fà á sí i.

Mo wá gbààwẹ̀. Mo fi ọ̀já mìíràn gba inú ara mi pinpin kí ebi má bàa dà mí láàmú. Nínú àdúrà òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Ruutu pè mí láti ẹ̀yìn: "Ìyá Dèbórà, gèlè rẹ ti tú." Mo fẹ́ yíjú wò ó. Orí lọ, ìbàdí kò lọ. Mo fi agbára yí i, ni mo bá ré lulẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì. Wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló gbé mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ̀mí kọ́, ọ̀já ni. Ilẹ̀ tí mo wà ni mo ti fi ojú inú rí ọkọ mi níwájú mi, pẹ̀lú ọ̀pá lókè, tí wọn ò lè yí. Mo ní, "Olúwa, ṣé èmi ni?"

Mi ò dúró gba oore-ọ̀fẹ́. Mo délé, mo ní, "Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín."

Wọ́n ní, "Ní òwúrọ̀ yìí?"

"Ọ̀já ni mo fẹ́ tú."

"Ìyá Dèbó, òun ló gbé mi ró."

Mo tú u. Mo fún wọn ní igi tí a fi ń ká máńgòrò, mo ní kí wọ́n fì í díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìrora bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dúró, kí wọ́n má dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi sí ìbàdí wọn ní ipò ọ̀já. A ṣe é títí. Nígbà tó yá, wọ́n ya ẹsẹ̀ ọ̀tún síta, wọ́n yọ gìgísẹ̀ òsì sókè, ara bá yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn ò sì ké. A tún ṣe é ní ọjọ́ kejì, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Mo lọ jókòó sétí pápá. Ẹ̀rù jẹ́ kí Bàbá gbá àkọ́kọ́ bíi ti àtijọ́, ó wọ igbó. Kámárádì rẹ́rìn-ín: "Nàgó, yanrìn ń pè ọ́." Bàbá wojú mi. Mo na ọwọ́ sí gìgísẹ̀ mi. Wọ́n gbá èkejì, wọ́n fì í kékeré bí ẹni ń ṣeré. Kò dé ìdí igi òrí, ṣùgbọ́n ó lọ tààrà, ó dúró sáàárín. Ẹ̀kẹta lọ bá a níbẹ̀.

Àwọn kan ní kò jìnnà tó. Kámárádì gba ọ̀pá lọ́wọ́ Bàbá kó lè fi bí ọkùnrin ṣe ń gbá a hàn wọ́n. Ó fi gbogbo agbára yí ara. Bọ́ọ̀lù wọ igbó, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ di ìbàdí mú, kò lè nàró. Òun náà ti gbé irin rélùwéè. Ó wá fi Mòóré, èdè àwọn ará ilẹ̀ yìí, bi Bàbá ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, kí lẹ fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe?"

Bàbá ò padà sídìí yanrìn mọ́. Àwọn tí ìbàdí ń dùn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kọ́, Kámárádì sì ni àkọ́kọ́ wọn. Iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn títí ojú wọn fi ń ṣe bàìbàì.

Ọlọ́run kò mú ìrora náà lọ pátápátá. Bí ọyẹ́ bá dé, ó ṣì ń kí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń bẹ̀ Ẹ́ pé kó tú ọkọ mi sílẹ̀, ọwọ́ mi ni kókó ọ̀já tó dè wọ́n wà, Ó sì fi hàn mí láìbínú. Ọ̀já náà rèé lọ́wọ́ mi. Dèbórà fi pọn ẹni tó ń kàwé yìí fún yín.

Ẹ bá mi dìde, kí a jó fún Ọlọ́run. Ẹni tó lè yí dáadáa, kó yí. Ẹni tí ara kò gbà fún, kó yí ìwọ̀nba tirẹ̀. Bàbá Dèbórà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ yọ gìgísẹ̀ yín sókè.