Àkúdàáyà tí Mo Fi Tan Àmínà

Ẹ̀yin aládùúgbò mi ní Igbó-Elérin, ẹ jókòó dáadáa. Ìtàn lẹ máa ń wá gbọ́ lẹ́nu èmi Rájí, ìtàn náà ni n óò sọ, ṣùgbọ́n èyí kò ní ẹ̀rín nínú. Dókítà ti bá Àdìjá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró mi. Wọ́n rò pé mo sùn. Ẹrù tó wà lórí mi kò ṣe é gbé wọ sàréè. Àmínà, mo rí báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ṣakí lò ń lọ lọ́la. Jọ̀ọ́, gbọ́ mi ná.

Gbogbo yín lẹ mọ Sùlè, bàbá ọmọ yìí, tí a wá tì láti ọjọ́ yìí wá. Ilé mi ló sá wá. Àwọn kan ń lé e kiri lórí ìjà ipò ní gáréèjì kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí pamọ́ títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi rọlẹ̀." Mo gbà á. Àwọn tó ń lé e dá mi dúró ní Ìyànà Ìbà: "Bàbá, ẹ má ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́sàn-án òní. Bí ẹ bá tì í, àtẹ̀yin àti màmá, iná ló máa jó yín mọ́lé." Jìnnìjìnnì bò mí. Àdìjá wà lọ́jà. Mo fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ láìtì, mo gbé ẹ̀bà kalẹ̀, èmi àti àlejò mi bọwọ́ sínú abọ́ kan náà. Ṣé èèyàn lèmi náà? Sùlè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹun. Ẹja ńlá yìí, tiyín ni." Ibi tó ti ń tì í sọ́dọ̀ mi ni wọ́n wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tó kígbe: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sá!" Èmi ló ní kí n sá o! Wọ́n gbé e lọ. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín sí mi lójú pópó: "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, omi ti gbé ìyẹn lọ." Ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé laṣeni ń gbé, èmi ni aṣeni náà.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Àmínà, lọ́dún tó kọjá, o mú iṣẹ́ yunifásítì rẹ wá, ewì àtijọ́ tí ará Ítálì kan kọ nípa ìrìnàjò ọ̀run. Olùkọ́ yín ní kí ẹ bi àgbà ilé yín léèrè ibi tó rú yín lójú. O ní, "Bàbá, akéwì yìí bá ọkùnrin kan nínú ìyà lọ́run, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ṣì wà láyé tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń wọṣọ. Wọ́n ní torí pé ó dalẹ̀ àlejò tó ń jẹun nílé rẹ̀ ni. Báwo lèèyàn ṣe máa wà níbi méjì? Àbí akéwì náà ti mu ẹmu yó ni?" Mo fi ẹ̀rín bò ó. Ta ni ì bá yé bí kò ṣe èmi? Láti ọjọ́ ẹja yẹn, òkú tó ń jẹun ni mí. Ọkàn mi ti ṣáájú mi lọ síbi ìyà. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn, mo sì gbé e mì. Mo ní, "Àkúdàáyà ni wọ́n ń wí. Ẹni tí wọ́n ní ó ti kú, tó wà nílùú mìíràn tó ń jẹ, tó ń mu." O ní, "Bàbá, wọn ò rí òkú bàbá mi. Ṣé àwọn náà lè wà níbì kan?" Ojú rẹ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n tan fìtílà sí i, agbára láti fẹ́ ẹ pa kò sí lára mi. Mo ní, "Bóyá apá Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún." Ẹyin lohùn; ó ti bọ́.

Láti ìgbà náà, o pa ẹ̀kọ́ tì, ò ń fi fọ́tò bàbá rẹ bi èèyàn kiri Ìsẹ́yìn àti Òkehò. Wàá gbé ògì wá fún mi, wàá ní, "Bàbá, mo tún ń lọ." N óò la ẹnu láti jẹ́wọ́, àdúrà ìrìnàjò ni yóò jáde.

Tú báàgì náà, ọmọ mi. Bàbá rẹ ti kú. Sọ fún Mùsítúrà ìyá rẹ kí ó jẹ́ kí àwọn àlùfáà ṣe àdúrà òkú fún un. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, mi ò lẹ́nu ìráhùn. Ẹ̀yin èwe, bí ẹ̀rù bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ kígbe. Àdìjá, ìwọ ni yóò máa sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé lẹ́nu ta lo ti gbọ́ ọ, sọ pé lẹ́nu Rájí ni, ẹni tí Sùlè ń pè ní ẹ̀gbọ́n.