Ìwé Òfìfo Tí Mo Bu Ọwọ́ Lù

Àforíjì kí ni? Ọ̀gá Mọ́ṣúdù, ẹ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà ná! Ẹ wọ jálàmíà funfun wá sí pálọ̀ mi ní Glenarden, ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ ní ẹ ń lọ Mẹ́kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní kí n forí jì yín fún gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ohun kẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ di gbogbo rẹ̀ lẹ́rù kan ṣoṣo ni? Ẹ jókòó jàre. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ mi.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa nílẹ̀ òkèèrè, ẹ sì mọ̀. Atẹ̀wé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò fojú kan yunifásítì. Faransé tí mo gbọ́, ìdí rédíò ni mo ti kọ́ ọ, tí mò ń fọ aṣọ, tí mò ń dá sọ ọ́ bíi wèrè. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Kùtọnu, tí ọ̀gá tó kàwé jù mí lọ kò rí ọ̀rọ̀ sọ níwájú mínísítà wọn, ta ló dìde? Èmi ni! Títí mo fi dé Amẹ́ríkà níbí lábẹ́ yín, tí wọ́n fi mí sídìí ìwé tí a fi ń gbé òkú àwọn èèyàn wa lọ sílé.

Mo ṣe àṣìṣe, n kò ní pa á mọ́. Ní gbogbo Jímọ̀ tí mo bá ń lọ kírun, mo máa ń bu ọwọ́ lu ìwé ọ́fíìsì mẹ́ta, mẹ́rin, tí kò tíì sí nǹkan kan lórí wọn, mo máa ń fi wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, kí olókùú kankan má baà dúró dè mí. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, àbí ẹ gbàgbé ni? Àánú ni mo fi ṣe é. Ọwọ́ yín nìkan ni kọ́kọ́rọ́ kejì dúrọ́ọ̀ náà wà.

Ẹ sì mú ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sókè orúkọ mi pé a kò lè fún òkú Rasaq níwèé, kí ìyàwó rẹ̀ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Torí kí ni? Torí pé nígbà tó wà láàyè, ó dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó ní ọ́fíìsì yín ń dá àwọn èèyàn dúró bí ẹran. Ẹ ní kí òun náà dúró wò. Hà! Ẹ ń bá òkú jà! Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló sọ fún mi, ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀.

Oyinkán ìyàwó rẹ̀ wá sídìí gíláàsì wa tòun taṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó gba ìwé náà, ó ka orúkọ mi. Síbí ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí. Ní Ìsẹ́yìn, ìyá Rasaq ti ní kí wọ́n gbẹ́ sàréè sílẹ̀. Wọ́n ní a kì í dí sàréè lófìfo, ni wọ́n bá gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gá! Abiyamọ ń sunkún lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀!

Oyinkán fi ẹjọ́ mi sùn, wọ́n pè mí padà sílé, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní ẹ̀yin ni, wọ́n bi mí pé ọwọ́ ta nìyí? Ọwọ́ mi ni. Ẹ jókòó níbẹ̀, ẹ ń fi bírò gbá tábìlì. Bí kì í bá ṣe Hidayah ọmọ mi tó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun níbí ńkọ́?

Iṣẹ́ kọ́ ló ń dùn mí mọ́. Rasaq ni. N kò rí i láàyè rí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń wá: orí àti èjìká nìkan, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bíi ti fọ́tò, kì í ṣẹ́jú. Ọ̀sán gangan, ọjọ́ Jímọ̀, lójú fèrèsé kíṣíìnì. N kò rí ọwọ́ kankan, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ kó, kó, kó, lára gíláàsì. Hidayah ní igi ló ń kàn án. Mo ní kí wọ́n gé igi náà. Wọ́n gé e. Kó, kó, kó. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi! Ó kàn ń dúró ni, bí ẹni tí wọ́n ní kó padà wá.

Kí ló dé tí ẹ fi ń wo ọ̀nà kíṣíìnì? Ọ̀gá, òní kì í ṣe Jímọ̀. Àbí... Yéè! Ó ń wá sọ́dọ̀ ẹ̀yin náà! Mẹ́kà kọ́ ló lé yín wá síbí!

Wálláhì, n kò forí jì yín. Èmi kọ́ ni ẹ ṣẹ̀ jù. Oyinkán ń gbé ní Accokeek, kò jìnnà síbí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti wa mọ́tò dé iwájú ilé rẹ̀ tí mo tún yí padà, torí kí ni mo fẹ́ sọ tó máa gbà gbọ́? Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ẹ máa dúró níwájú rẹ̀, ẹ máa ní, "Èmi Mọ́ṣúdù ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́." Kò sí "bí mo bá ṣẹ̀" níbẹ̀ o. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán, tí òun bá forí jì yín, kí ẹ wá bi èmi.

Ẹ ní kò sí àyè lónìí? Àyè wà. Bàtà yín wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wọ̀ ọ́, ká lọ.