Irin tí Bàbá Mi Ní Ó Lọ Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó fi bàbá mi jẹ Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ó yẹ kí ẹ gbọ́ òótọ́ nípa ohun tó gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Bàbá náà ló jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu èmi Festus, ọmọ wọn, kí wọ́n má bàá gbọ́ ọ níta.

Ẹ mọ ẹ̀rí tí wọ́n máa ń jẹ́ ní gbogbo ìkórè, pé Ògún ìdílé wa rí agbára Jésù, ó sì kó irin rẹ̀ kúrò ní ìdí pèrègún. Kò kó o. Èmi ni mo kó o. Lọ́dún 1998, mo fẹ́ fẹ́ Bímpé, ìyá rẹ̀ sì ní ọmọ òun kò ní gba ìdí Ògún kọjá wọ ilé ọkọ. Mo bẹ Bàbá títí, wọn ò gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sọ́jà Ùsì, mo kó gbogbo irin náà, òòlù tí bàbá wọn fi rọ ọkọ́ wà nínú rẹ̀, mo dà á sínú ṣáláńgá. Ojú ò tì mí. Mo tilẹ̀ ń kọrin bí mo ṣe ń fọwọ́.

Nígbà tí Bàbá dé, wọn ò pariwo. Wọ́n mú àdá oko wọn wá bá mi.

"Festus, bó bá ṣe ùwọ lo kó urin náà, wí fún mi. N ò níí bá ọ jà."

Ẹ wo ibi tí mo ti lè jẹ́wọ́. Mo gba àdá, mo fi eyín kàn án, mo ní bí mo bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí irin pa mí. Bàbá wò mí, wọ́n wá jókòó.

"Kò sí ọmọ ulé yìí tó lè parọ́ lórí urin. A jẹ́ pé ó lọ fúnra rẹ̀ ni."

Torí pé wọ́n gba irin gbọ́ ni wọ́n ṣe gbà mí gbọ́, torí pé wọ́n gbà mí gbọ́ ni wọ́n sì ṣe fi irin sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀lé mi wá síbí, wọ́n ṣe ìrìbọmi, wọ́n ń jẹ́ Samson. Ògúntọ́lá di Olútọ́lá. Èmi onígbàgbọ́ ńkọ́? Odidi ọdún kan n ò gun ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí Ìfàkì, ẹ̀rù irin ń bà mí. Aláìnítìjú ni mí. Ìdílé Ògúnbùnmi gbọ́ ẹ̀rí Bàbá, wọ́n hú pèrègún tiwọn dànù lójú mi, èmi sì ń ṣe àmín.

Bàbá, mo rí i pé ẹ̀ ń wò mí. N ò ní kí ẹ padà sí ìdí pèrègún, n ò sì ní kí ẹ dúró síbí. Nígbà yẹn, èmi ni mo bá yín yàn, n ò bi yín léèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Lónìí, ẹ fúnra yín ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá sì dìde jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má dá yín dúró.