Ìró Ẹsẹ̀ Tí Bọ̀dá Lámídì Kò Gbọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ Ajé ni n kò ti lè jẹun dáadáa. Bí fóònù bá dún báyìí, àyà mi á já. Ó ti lé lógójì ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọkọ mi kú, kò gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló lé mi débi tí mo fi ń sọ ọ́.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìgàndò ni mò ń gbé. Èkìtì ni wọ́n ti bí mi. Kí n tó di tíṣà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, mo ṣe eré orí ìtàgé. Ẹgbẹ́ wa máa ń ṣeré nínú ilé eré ńlá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa ní wọn ò tíì bí àwọn nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Àga onígi ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé á jókòó sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á máa ju èèpo ẹ̀pà lu àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ihò kan wà láàárín ìtàgé náà, pákó ni wọ́n fi dé e. Èmi ni iwin tó ń yọ jáde látinú ilẹ̀, torí mo kéré, mo sì fúyẹ́. Bọ̀dá Lámídì, káfíńtà ilé eré, ló máa ń gbé mi sókè láti ìsàlẹ̀. Bí mo bá ti jáde, n ó dá pákó náà padà, n ó jó yí i ká, n ó wá jan ẹsẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta: gbì, gbì, gbì. Àwọn òǹwòran rò pé ijó ni. Kì í ṣe ijó o. Ìró yẹn ni Bọ̀dá Lámídì ń dúró dè kó tó fi irin há pákó náà láti abẹ́. Kò rí òkè. Bí kò bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin, torí kò lè mọ̀ bóyá pákó ti jókòó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, èrò kún dẹ́nu ọ̀nà. Bí orí mi ṣe yọ báyìí, gbogbo wọn hó yèè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Mo dá pákó padà wuruwuru, mo sáré lọ síwájú ìtàgé, mo ń jó, mo ń fi ìdí ṣe yànga fún wọn. Mo gbàgbé láti jan ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo kàn gbàgbé ni.

Àǹtí Fọlákẹ́ ló ṣe olorì. Ó wọlé, ó gbẹ́sẹ̀ lé pákó, ó sì já sínú ihò níṣojú mi. Mo ṣì ń gbọ́ igbe rẹ̀. Egungun itan rẹ̀ dá. Ọ̀pá ló fi rìn títí tó fi kú, kò ṣeré mọ́.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa pe èmi àti Bọ̀dá Lámídì. Bọ̀dá Lámídì ní, "N kò gbọ́ ìró kankan, sà." Wọ́n wá yíjú sí mi. Mo ní, "Mo jan ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sà. Bóyá etí wọn ni."

Bóyá etí wọn ni! N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Wọ́n gbà mí gbọ́, torí gbogbo èèyàn ló rí mi tí mò ń jó. Wọ́n lé Bọ̀dá Lámídì. Nígbà tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Àbúrò, ṣé lóòótọ́ lo jan án?" Mo fi ìyá mi búra fún un. Ẹnu yìí kan náà ni mo wá fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì pé kí wọ́n má purọ́.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ wa tú ká. Èèyàn ń wo fídíò nílé, ta ló fẹ́ lọ sílé eré mọ́? Wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó àpò sìmẹ́ǹtì sí, òrùlé ń jò, àdán gba ibẹ̀. Mo gbọ́ pé ó máa wó, inú mi dùn. Kò wó ṣá. Wọ́n tún un ṣe.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin ní dandan, òun máa mú mi lọ wo ibi tí mo ti ṣeré rí. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, kò gbà. Wọ́n ti kun ibẹ̀, ó ń dán. Wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa, ọmọbìnrin kan wá ń mú àwa àti àwọn àlejò mìíràn káàkiri, tọmọdé tàgbà. Wọ́n gbé fọ́tò wa àtijọ́ kọ́ sára ògiri. Nígbà tá a dé ibi pákó yẹn, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ibí ni káfíńtà adití ti ṣe olorì léṣe." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn ọmọdé jan ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Gbì, gbì, gbì. Òógùn bò mí nínú atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù.

Ni ọmọ mi bá pariwo pé, "Mọ́mì mi ni iwin inú fọ́tò yìí o!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn kò pàtẹ́wọ́. Ó sún mọ́ mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Bàbá mi ni káfíńtà tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ yẹn. Ìdímù là ń gbé."

Ìdímù! Ìdímù tí mò ń gbà kọjá lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó ní bàbá òun kò ṣe káfíńtà mọ́ láti ìgbà náà, wọ́n ní adití bíi tàwọn ò gbọdọ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń la pákó. Dókítà yẹ etí wọn wò, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é, bàbá ò gbà. Bí èèyàn bá sọ nǹkan fún bàbá, wọ́n á tún un bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo fún un ní nọ́ńbà mi. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Ajé ló pè mí. Ó ní, "Mà, bàbá mi ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín. Àwọn ará ilé eré ti gbà. Ní Sátidé, bàbá fẹ́ padà sábẹ́ ìtàgé yẹn. Wọ́n máa lùlù bíi tijọ́sí, kí ẹ jan ẹsẹ̀ lókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè gbọ́ ọ kí àwọn tó kú." Mo ní kò burú. Ọmọ mi ti ní òun máa ya fídíò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, torí òun ló burú jù. Lánàá, mo ti ìlẹ̀kùn yàrá mi, mo bọ́ bàtà, mo ń dán an wò bí èèyàn ṣe lè jan ẹsẹ̀ kó má dún. Àgbà bíi tèmi! Mo dán an wò títí mo fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣé kí n lọ bá wọn ní Ìdímù lónìí? Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ? Bí àwọn ọmọ mi bá kọ̀ mí ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọjọ́bọ̀ ti dé, ẹsẹ̀ mi yìí ni mò ń bẹ̀rù.