Orúkọ Mi Tí Ṣadé Ń Pè Nínú Ààwẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Ajíbọ́dẹ, kò sì jẹ́ kí n gbádùn oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi ń pè mí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn tí mo padà wálé ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Èmi àti Ṣadé la jọ gba yàrá. Ọmọ Ìjàyè ni, aládùúrà ni. Ìṣirò la jọ kọ́ ní yunifásítì, ẹ̀ka tó ń wádìí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn, àti irú ayé tí ọ̀rọ̀ náà ti lè jẹ́ òótọ́. Àwọn ará ilé a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ìṣirò wo ni kò ní nọ́ńbà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan fẹ́ wá láti òkè òkun, ó ń wá ẹnì kan tí yóò wá ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ ni Ṣadé ti yí padà. Kì í jẹun ọ̀sán mọ́. Tí mo bá bi í, á ní, "Kò sí nǹkan, jàre."

Mo fura. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ìrìn àjò pamọ́ nítorí ayé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a lẹ́yìn ilé, ó kúnlẹ̀ nínú sùtánà, ó tan àbẹ́là, ó ń pe orúkọ mi, ó fi orúkọ ìyá mi kún un. Mo ní ó fẹ́ dí mi lọ́nà ni. Láti ọjọ́ náà, n kò mu omi inú yàrá wa mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà dá fún èmi àti Ṣadé láti wá fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, awakọ̀ rẹ̀ wá sọ pé ó ti di ọ̀la. Ṣadé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó béèrè rẹ̀, mo ní, "Ó ti lọ sílé ọkọ, kò ṣe mọ́." N kò sọ fún Ṣadé nígbà tó dé. Èmi nìkan ni mo lọ, wọ́n sì mú mi.

Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀, ó bi mí pé ta ló parọ́ náà. Mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìyá onílé wa. Ìyá àgbà tó ń fún wa lómi! Ṣadé kò kí wọn mọ́ títí tó fi kó kúrò.

Nígbà tí mo padà dé, mo pàdé ìyá àdúrà ìjọ rẹ̀ ní Olódò. Wọ́n dì mọ́ mi. "Ìwọ nìyí! Ìwọ ni Ṣadé gbààwẹ̀ fún. Ó ní òun ò fẹ́ dá lọ, kí wọ́n mú ẹ̀yin méjèèjì. Èmi ni mo ní kó má sọ ọ́ jáde títí àdúrà náà yóò fi gbà."

Ẹ̀kọ́ wa gan-an ló kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ kan náà lè bá ayé méjì mu. Ààwẹ̀, àbẹ́là, orúkọ mi: ayé burúkú nìkan ni mo bá wọn wá.

Mo lọ kí i ní Ìjàyè, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Ó di iṣu fún mi. Ó ní, "Mo ṣì ń pe orúkọ ẹ o." Ara tún fu mi: àbí ó ti mọ̀? Ojú tì mí pé mo tún rò bẹ́ẹ̀. N kò lè jẹ iṣu náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún un, ṣé á tún lè pe orúkọ mi?