Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn Kò Dí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi. Ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Mo ti pa á mọ́ra láti ìgbà tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ti di ọmọge báyìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò sì lọ kí ìyá bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bó bá débẹ̀, àṣírí mi máa tú. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Mo ti yí orúkọ gbogbo wọn padà, ẹ má bínú.

Léèsì ni mò ń tà ní Niamey, olú ìlú Niger níbí, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Dar es Salam ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Làsísì ni ọ̀rẹ́ mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì lòun ń ṣe ní tiẹ̀. Ó fẹ́ Háwà, ọmọ ẹ̀yà Zarma níbí, wọ́n sì bí Sàfí. Háwà ò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀", Làsísì ò sì tíì mú un lọ sílé rí.

Ọkọ̀ gbá Làsísì lórí alùpùpù rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì gba yàrá fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí odò. Háwà kò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ pàdé Mama ní pápákọ̀ òfurufú, kí n sì mú wọn wá sí ilé ìwòsàn tààrà.

Ẹ mọ àṣà àwa tá a wà lẹ́yìn odi. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé kì í gbé ẹrù tara rẹ̀ nìkan. Bí mo ṣe gbọ́ pé Mama ń bọ̀, mo pe àbúrò mi, mo ní kó di léèsì sínú àpò kan kí Mama bá mi gbé e bọ̀. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Oníbàárà mi kan sì ti sọ pé bí òun ò bá rí ọjà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ ni mo di ẹrù lé lórí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Bàálù dé lásìkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mama jáde pẹ̀lú àpótí kékeré kan tó jẹ́ tiwọn àti àpò ràgàjì kan tó jẹ́ tèmi. Wọ́n ní ẹrù ti pọ̀ jù lórí ìwọ̀n, àwọn wá yọ gààrí Làsísì sílẹ̀ kí tèmi lè wọlé. Mo dúpẹ́. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán kí wọ́n tó bi mí bóyá ọmọ àwọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo ní ó ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ sì ni, torí Háwà ti pè mí láàárọ̀ pé Làsísì ń bèèrè ìyá rẹ̀ ṣáá.

A wọ tásì. Tásì Niamey kì í ṣe ti ẹnì kan, bó ṣe ń lọ ni yóò máa gbé èrò kún èrò. Mo lè háyà rẹ̀ fún àwa nìkan, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé obìnrin kan ní àdúgbò Talladjé, ó sì yà kúrò lọ́nà láti lọ já a. Tẹ̀síbáà ni Mama ń fà.

Ọkàn tèmi wà nínú búùtù. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan wọ ilé ìwòsàn, mi ò ní lè jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí èmi ni mo máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín Mama àti Háwà àti dókítà. Mo wá pinnu pé òtẹ́ẹ̀lì la máa kọ́kọ́ dé. Ojúkòkòrò ni orúkọ rẹ̀, mi ò ní pè é ní òwò.

Nígbà tá a dé oríta tí wọ́n ti ń yà sí ilé ìwòsàn, awakọ̀ dín eré kù. Mo ti sọ fún un pé ọmọ ìyá yìí ń ṣàìsàn. Ó fi Háúsá sọ pé ṣebí ilé ìwòsàn nìyí, kí ìyá sọ̀kalẹ̀ lọ rí ọmọ wọn, òun á dúró ti ẹrù. Mama bi mí pé kí ló wí.

Ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí mo sọ rèé: "Mama, ó ní àwọn olóṣèlú ti dí ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n ń ṣèpàdé ìbò. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹrù sí òtẹ́ẹ̀lì ná."

Kò ṣòro láti gbà gbọ́. Àsìkò ìbò ni, àwòrán onírúurú ẹgbẹ́ wà lára gbogbo ògiri, mọ́tò wọn sì ń pariwo kiri ìlú.

"Ìwọ lo mọ ìlú, ọmọ mi," ni Mama wí. Mo yíjú sí awakọ̀, mo ní ó ti rẹ ìyá, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ lọ.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní yàrá ò tíì ṣetán. Mo fi Mama jókòó síbi tí àwọn àlejò ń jókòó sí, mo ní mò ń lọ wò ó bóyá ọ̀nà ti ṣí. Ọjà ni mo gbé lọ. Oníbàárà mi tú léèsì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọwó, èmi náà ń dá a lóhùn. Fóònù ń gbọ̀n lápò ṣòkòtò mi. Mo rí i pé Háwà ni, mi ò gbé e.

Nígbà tí mo padà, Mama ti dúró sẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú àpótí wọn lọ́wọ́. A sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti fi aṣọ bo ojú Làsísì.

Háwà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ fún mi pé kò tíì pẹ́, pé Làsísì ń bèèrè bóyá bàálù ìyá òun ti balẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Ó bi mí pé kí ló dá wa dúró. Mo ní bàálù ló pẹ́ kó tó dé.

Mama di apá mi mú. "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní kò jẹ̀rora, Mama."

Mi ò sọ pé èmi ni mo pa á. Dókítà ní kò lè la ọjọ́ náà já. Ṣùgbọ́n ì bá rí ojú ìyá rẹ̀. Àwọn náà ì bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí léèsì.

Láti ọjọ́ yẹn, Háwà gbà pé bàálù ló pẹ́, Mama gbà pé olóṣèlú ló dí ọ̀nà. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, èmi sì ni mò ń túmọ̀ fún wọn lórí fóònù. Bí Háwà bá dárúkọ bàálù, mo máa ń fò ó.

Mama ló wá bẹ̀ mí pé kí n kọ́ Sàfí ní Yorùbá, kí ọmọ lè bá àwọn sọ̀rọ̀ kí àwọn tó kú. Mi ò lè kọ̀ fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù mi ni Sàfí ti kọ́ ọ, ó sì gbọ́ ọ débi pé ó ń fi òwe dá mi lóhùn báyìí. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un nípa bàálù wà lórí rẹ̀. Lórí fóònù, ìkíni nìkan ni òun àti Mama ń bá ara wọn ṣe, èmi sì wà nítòsí; ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá jọ jókòó, ó parí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n pe Mama kí Sàfí tó gbéra ni, àbí kí n gbọ̀nà ilé lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn? Ṣé Háwà ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Mo ti máa ń tan ara mi pé torí tiwọn ni mo ṣe dákẹ́, kí Mama má bàa pàdánù ọmọ kejì. Irọ́ nìyẹn náà. Èmi ni mi ò fẹ́ kí wọ́n jáwọ́ nínú pípè mí lọ́mọ.

Gbogbo Jímọ̀ọ́ ni Mama ń pè mí, àdúrà kan náà ni wọ́n sì máa ń ṣe fún mi. Wọ́n á ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ tí mo bá ń wá wọn. Ọ̀la ni Jímọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n tún ṣe àmín?