Ẹnu Clóvis Kọ́ Ni Ọpẹ́ Ti Jáde

Tainara, ọmọ mi, tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ. O ní ìtàn ẹgbẹ́ olórin wa, Galpão Torto, lo fẹ́ gbà fún rédíò. Ìtàn tí mo ti ń sọ fún àwọn oníròyìn láti ọjọ́ yìí, irọ́ ni. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní pẹ́ dákẹ́. Kó tó dákẹ́, kí òótọ́ jáde. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Àwa mẹ́rin la wà nínú gáréèjì bàbá Rejane níbí ní Porto Alegre. Rejane ń lu ìlù, Jairo ń ta gìtá, èmi Ildo ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Clóvis ló ń kọrin, òun náà ló ń ṣe orin. Orin rọ́ọ̀kì tiwa kì í ṣe irú èyí tí rédíò ń fẹ́ nígbà náà: ariwo pọ̀ nínú ẹ̀, ìbànújẹ́ sì wà lábẹ́ ariwo náà. Bí a bá ń sinmi, ahá máté, àgbo ewé gbígbóná ilẹ̀ wa, á máa yí láàrin wa, ọ̀pá irin kan náà la fi ń fà á mu. O mọ òfin ẹ̀, ọmọ ibí ni ẹ́. Ẹni tó bá mu, tó dá ahá padà láì sọ nǹkan, yóò tún mu. Ẹni tó bá sọ pé "ẹ ṣeun" ti jáde nínú agbo nìyẹn, a kì í rọ̀ ọ́ mọ́, a kì í bi í ní ìdí, àrífín ni. Tí ẹni tó ń bu omi bá sì ní omi ti tán fún ọ, kò sí àyè fún ọ nínú agbo mọ́ nìyẹn. Ẹnìkan tó ń tẹ dùùrù pẹ̀lú wa tẹ́lẹ̀ dúpẹ́ lórí ahá lọ́jọ́ kan. Ó gbé dùùrù rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí.

Ìyá Clóvis ṣàìsàn ní ìlú Bagé, ó lọ tọ́jú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkùnrin kan dé láti São Paulo, ó ní ká wá ṣe àwo orin kíákíá. Kò sí tẹlifóònù nílé ìyá Clóvis, ni wọ́n bá rán mi. Nígbà tí mo jíṣẹ́, ó dì mọ́ mi, díẹ̀ ló kù kó da omi gbígbóná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ildo! Ṣé kì í ṣe pé ò ń tàn mí? Sọ fún wọn kí wọ́n dúró dè mí o! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá ti dé báyìí, mo ti dé nìyẹn."

Ìyá ẹ̀ pariwo láti orí ibùsùn: "Ìwọ tó gùn bí òpó yìí, o ti jẹun? Gìtá ò yó èèyàn o!" Ó ní kí wọ́n fún mi ní búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Mo jẹ ẹ́. Oúnjẹ obìnrin yẹn wà níkùn mi tí mo fi lọ ba ọmọ rẹ̀ láyé jẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì ni ìlara ti mú mi. Mo mọ gbogbo orin Clóvis sórí. Ohùn mi kò burú. Tí wọ́n bá dúró dè é, ẹ̀yìn náà ni n ó tún padà sí. Mo wọ gáréèjì, Rejane bu máté, ó gbé ahá lé mi lọ́wọ́.

"Clóvis ńkọ́?"

Mo fà á tán. "Ó ní ẹ ṣeun."

"Ó ní kí ni?"

"Ẹ ṣeun ló ní. Kò mu mọ́."

Jairo gbé gìtá sílẹ̀. "Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́?"

"Ẹnu ara ẹ̀."

Ì bá ṣe pé àwọn ẹlòmíì ni, wọn ì bá wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a. Àwa kọ́! Mo mọ̀ pé wọn ò ní bi í, ohun tí mo gbójú lé nìyẹn. Ojú Rejane pọ́n. Ó nu ẹnu ọ̀pá irin, ó bu omi fún Jairo. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. A lọ sí São Paulo, èmi ni mo kọrin.

Clóvis dé, ó bá àgádágodo lẹ́nu gáréèjì. Ó wá nọ́ńbà wa kiri, ó pè wá ní São Paulo. Orí burúkú rẹ̀, èmi ni mo gbé tẹlifóònù.

"Ildo, ṣé o jíṣẹ́ mi?"

"Mo jẹ́ ẹ. Rejane ní omi ti tán."

"Rejane fúnra ẹ̀?"

"Òun fúnra ẹ̀."

Kò bẹ̀bẹ̀. Wọn kì í bẹ̀bẹ̀ tí omi bá ti tán.

Orin tí Clóvis ṣe fún ìyá ẹ̀ ló sọ wá di olókìkí, ẹnu mi ni gbogbo Brazil ti gbọ́ ọ. Nígbà tí a padà wá ṣeré níbí, ó dúró níwájú pèpéle, ìyá náà ti wà ní sàréè. Rejane rí i, ó ní, "Ó tún lójú láti wá! Kọrin, Ildo." Mo kọ ọ́.

O rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá. Nígbà tí àìsàn dá Rejane dùbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. "Ildo, má purọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ni Clóvis dúpẹ́? Mò ń rò pé ó yẹ kí n ti bi í." Ilẹ̀kùn òtítọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Mo ní, "Lóòótọ́ ni." Ó yí ojú sí ògiri. Kò pẹ́ tó fi kú. Háà, èmi yìí!

Mo pe Jairo, tó ti ń gbé ní Pọ́túgà, mo jẹ́wọ́, ó ṣépè fún mi. Ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà mo wọ bọ́ọ̀sì Bagé. Clóvis ti hu ewú, ó ń tún rédíò ṣe. Ìdúró ni mo ti ro gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan ti Rejane. Ó po máté, ó mu ti àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ó bu omi mìíràn, ó gbé e fún mi. Mo mu ún, mo dá a padà. Ó tún bu ú. Ó tún bu ú. Ikùn mi kún, omijé ń bọ́ sínú ahá, mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ náà ni yóò lé mi jáde.

"Ó ti tó ẹ?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Sọ ọ́."

"O ṣeun, Clóvis."

Ó gba ahá lọ́wọ́ mi. "O rí i? Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹnu ara ẹni la fi ń sọ ọ́." Ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

Tainara, orúkọ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ pè lórí rédíò. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kò tíì pè mí padà sínú agbo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹnìkan bá wá bá yín dúpẹ́ fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ẹ lọ bi ọ̀rẹ́ yín. Bó bá jẹ́ àrífín, kó jẹ́ àrífín. Rejane fẹ́ bi í. Irọ́ mi ló ní kó má ṣe yọ ara ẹ̀ lẹ́nu.